Agolo Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn: Bí A Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Wa Ṣe Àláámù àti Kámẹ́rà Sílé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yìí, akọ̀wé, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́bàá ògiri nítorí pé àga ò tó, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Àwọn tí kò lè wá sípàdé ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo kàn fi díẹ̀ kún un níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò ti jẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Agolo mílíìkì méjì ni mo kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì. Ìyá mi kì í sùn láìgbé agolo méjì lé ara wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń wà nínú ti òkè. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn yẹn lóru, agolo á ṣubú, òkúta á dà sórí sìmẹ́ńtì, gbogbo ilé á jí, ilé kejì náà á sì ké láti ojú fèrèsé pé, "Ta nìyẹn?" Agolo yẹn ò lo iná NẸ́PÀ. Kò jẹ dátà. Kò ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ó ń jí ènìyàn lójú oorun, ìyẹn sì tó fún ìyá mi. Bí a ṣe máa rí agolo tó gbọ́n ju ti ìyá mi lọ, tí yóò máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a ò sí nílé pàápàá, ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé.

Ohun tí ojú mi rí ló ń mú mi sọ ọ́. Iṣẹ́ iná ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó ti lé lógún ọdún. Ní 2021, ọkọ mi wà ní Kánò lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti àwọn ọmọ nìkan ló kù nílé. Mo ra kámẹ́rà mẹ́rin, mo fọwọ́ ara mi kàn wọ́n mọ́ igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkàn mi sì balẹ̀. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, olè wọlé. Wọ́n tú pọ́ńpù omi, wọ́n gé wáyà tó lọ sí kànga, wọ́n gbé sílíńdà gáàsì méjì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ sídìí DVR, àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀. Mo rí àgbàlá wa kedere: okùn ìsáṣọ, garawa tí ọmọ gbàgbé síta, ológbò aládùúgbò tó ń rọra kọjá. Aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni àwòrán náà dáwọ́ dúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n mú iná lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni olè dé, èmi tí mo sùn sínú yàrá kò sì gbọ́ ohunkóhun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ojú ni mo rà, n kò ra ẹnu. Ojú náà tún fọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà tí iná lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé: bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, àláámù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kámẹ́rà ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kámẹ́rà nítorí pé òun ló ṣeé fi han àlejò lórí fóònù.

Kì í ṣe èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹ̀rù òru kọ́ níṣẹ́. Ní àdúgbò Queens, ní ìlú New York, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń jẹ́ Marie Van Brittan Brown. Ọkọ rẹ̀, Albert, mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná. Àwọn méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ wà nílé lákòókò kan náà, ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé bí a bá pè wọ́n ládùúgbò náà. Ní 1966, tọkọtaya yìí kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà láti gba ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe, ìjọba sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ náà lọ́jọ́ 2 oṣù Kejìlá, 1969. Ihò mẹ́rin ló wà lára ilẹ̀kùn, láti ibi gíga dé ibi tí ọmọdé ga mọ. Kámẹ́rà ń lọ sókè sódò láàárín wọn, àwòrán ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n inú yàrá. Onílé lè bá ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ láìdìde, ó lè tẹ bọ́tìnì kan kí ilẹ̀kùn ṣí, ó sì lè tẹ òmíràn láti ké sí àwọn aláàbò. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni obìnrin yìí ti mọ̀ pé rírí nìkan kò tó, pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn tí yóò gbọ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ rìn yí ilé yín ká lálẹ́, láìtan tọ́ọ̀ṣì. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta, nítorí náà ẹ fi ojú olè wo ilé ara yín. Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, ṣé kò ti di àtẹ̀gùn báyìí? Àkàbà tí bíríkìlà fi sẹ́yìn ilé láti ọdún tó kọjá ńkọ́? Ilé tí wọn ò kọ́ parí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ṣé ẹsẹ̀ ò lè ti ibẹ̀ bọ́ sórí fẹ́ńsì? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo rìn yí tèmi ká, ihò mẹ́ta ni mo rí, kò sì sí ọ̀kan tí kámẹ́rà lè dí nínú wọn. Kápẹ́ńtà àti ẹni tó ń jó irin ló dí wọn. Mo bẹ̀ yín nípa irin ojú fèrèsé tí à ń pè ní bọ́gúlárì: ẹ jẹ́ kí ó kéré tán ọ̀kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé. Iná ilé kì í dúró de ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Ó wá ku àláámù. Ẹ wo nǹkan funfun kékeré méjì yìí ní àtẹ́lẹwọ́ mi, wọn ò gùn ju ìka lọ. Ọ̀kan ní wáyà méjì lára, èkejì kò ní. Òòfà, ìyẹn máágínẹ́ẹ̀tì, ló wà nínú èyí tí kò ní wáyà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú èkejì, nínú dígí tí kò gùn tó oríkèé ìka kan. Bí òòfà bá sún mọ́ wọn, irin méjèèjì á fara kanra, iná á kọjá. Bí òòfà bá kúrò, wọ́n á yapa, iná á já. Ẹ kan èyí tó ní wáyà mọ́ férémù, kí ẹ kan òòfà mọ́ ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kí àyè àárín wọn má ju ìwọ̀n ìka kékeré kan lọ. Bí férémù bá jẹ́ irin, bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn wa lóde òní, ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀kùn irin, nítorí pé irin máa ń gba agbára òòfà mọ́ òòfà lọ́wọ́.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì ni iná ń kọjá nínú wáyà náà. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, iná já, fèrè á ké. Bí olè bá gé wáyà, iná já bákan náà, fèrè á ké. Bí eku bá jẹ ẹ́, bí ó bá jẹrà, fèrè á ké. Àwọn kan máa ń so ó lódìkejì, kó jẹ́ ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni iná á máa kọjá. Olè tó bá gé irú wáyà bẹ́ẹ̀ ti bo àláámù lẹ́nu, onílé kò sì ní mọ̀. Mo so ó sí bátìrì àti fèrè lórí tábìlì lójú gbogbo yín, mo fún ọmọkùnrin kan ní sísọ́ọ̀sì pé kó gé wáyà níbi tó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló dìde lórí àga. Ọmọ kan tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, mo sì ń bẹ ìyá rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí yóò gbàgbé.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń wo ooru, ojú ooru ni mo ń pè é. Nígbà tí ara tó gbóná bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó máa ń mọ̀. Ẹ gbé e kọ́ igun yàrá, ní gíga bíi mítà méjì sí méjì àbọ̀, kí ẹni tó bá wọlé lè gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ọ̀tún sí òsì. Bí ènìyàn bá dojú kọ ọ́ gbọnrangandan, ó máa ń pẹ́ kó tó rí i. Ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, tàbí síbi tí aṣọ fèrèsé ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù nílẹ̀ wa ni ọmọ́ńlé. Bí ọmọ́ńlé bá gun ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn débi pé ó dà bí ènìyàn fún un. Èmi fi sílíkọ́ọ̀nù dí gbogbo ihò ẹ̀yìn tèmi kí kòkòrò má bàa wọlé, mo ń nu ojú rẹ̀ lóṣooṣù, mo sì jìnnà sí gílóòbù, nítorí pé ibi tí gílóòbù bá wà ni ọmọ́ńlé ń ṣọdẹ.

Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ariwo asán. Bí àláámù bá ń ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ láìsí olè, nígbà tó bá di ti ẹ̀kẹrin, aládùúgbò á kàn yí ìrọ̀rí padà ni. Àláámù tó ti jí aládùúgbò lásán tó bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́. Nítorí náà, mo máa ń ní kí ènìyàn fi ilẹ̀kùn àti fèrèsé bẹ̀rẹ̀, kó lo oṣù kan pẹ̀lú wọn, kó tó fi ojú ooru kún un.

Fèrè méjì ni kí ẹ ní. Ọ̀kan wà nínú ilé, lókè síbi tí ọwọ́ ò lè tètè dé, kó máa dun olè létí débi pé kò ní lè gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ. Èkejì wà níta, nínú àpótí irin, kó dojú kọ ilé tí èèyàn wà. Àpótí ìdarí, èyí tí gbogbo wáyà àláámù ń wọ̀, tí ẹ ń rí lọ́jà Alábà àti láwọn ilé ìtajà ẹ̀rọ, lè gba síìmù, á sì pè yín lórí fóònù. Ó dára, ṣùgbọ́n síìmù tí ẹ kò fi ṣe nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ fóònù lè ti ìlà rẹ̀ pa. Ẹ fi owó ìpè sí i, ẹ fi pe ara yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì rí i pé NIN yín wà lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ nídìí iná, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Ní 2024, a rí bí iná gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe ń wó lulẹ̀ léraléra. Ẹni tó bá so ààbò ilé rẹ̀ mọ́ ihò iná ògiri nìkan ti fi í sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kámẹ́rà kan á jẹ bíi wáàtì 4 lóru, DVR pẹ̀lú díìsìkì rẹ̀ á jẹ bíi wáàtì 14. Kámẹ́rà mẹ́rin àti DVR kan, wáàtì 30 nìyẹn. Bátìrì kékeré tí wọ́n máa ń kọ 12V, 7Ah sí lára, ìyẹn fóòtì 12 àti áńpù 7 fún wákàtí kan, wáàtì 84 fún wákàtí kan ni agbára rẹ̀ lórí ìwé. Lójú ayé, kò lè gbé ẹrù yẹn fún wákàtí méjì àbọ̀. Bátìrì 100Ah ní wáàtì 1,200 bẹ́ẹ̀. Ká ní ìdajì la fẹ́ lò kó má bàa tètè kú, 600 nìyẹn. Ẹ pín in sí 30, wákàtí 20 lẹ ó rí. Ìyẹn kó òru kan já, ó sì kù síbẹ̀.

Ẹ wá wo ti àláámù. Àpótí ìdarí àti ojú ooru mẹ́ta kì í sábà jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá áńpù lọ nígbà tí fèrè ò bá ké. Bátìrì 7Ah kan náà tí kámẹ́rà á gbẹ láàárín wákàtí méjì á gbé àláámù fún ọjọ́ méjì gbáko. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó fún bátìrì ńlá lè sùn dáadáa pẹ̀lú bátìrì kékeré, bó bá fi àláámù ṣíwájú.

Ẹni tó ní íńfátà yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá wáyà kámẹ́rà àti rútà Wi-Fi wà lára àwọn tí íńfátà ń gbé. Mo ti dé ilé tí íńfátà ń gbé fìríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, tí kámẹ́rà sì wà lórí ìlà tó ń kú. Ẹni tó bá fẹ́ so kámẹ́rà mọ́ bátìrì tààrà, kó fi ẹ̀rọ tó ń mú fóòtì dúró sójú kan sáàárín, torí pé bátìrì fóòtì 12 máa ń gòkè kọjá 14 nígbà tó bá ń gba iná.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan pè mí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní kámẹ́rà ẹ̀yìn ilé àwọn ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń kú bí ilẹ̀ bá ṣú. Ó ti ra òmíràn, ìyẹn náà ń kú. Mo lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo gbé mítà mi dání, mo dúró lórí àkàbà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí iná òru kámẹ́rà náà tàn, tí ẹ fi ń rí àwọn àmì pupa kéékèèké yẹn, fóòtì já láti 11 wá sí 9 lójú mi, kámẹ́rà sì paná. Kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà. Ọgbọ̀n mítà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín òun àti ibi tó ti ń gba iná. Wáyà gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jẹ iná lójú ọ̀nà, bí kámẹ́rà bá sì ṣe ń fà tó ni wáyà ṣe ń jẹ tó. Lọ́sàn-án kò fa púpọ̀. Lóru, ó fa ìlọ́po méjì. Mo fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà náà: ìta pupa bí bàbà, inú funfun. Álúmíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà ra lára ni ẹni tó tà á fún un gbé fún un, ó sì gba owó bàbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ dání lọ sọ́jà, ẹ ha á kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá lágbára, kó ra irú kámẹ́rà tó ń gba iná àti àwòrán nínú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Fóòtì tó ń gba inú ìyẹn kọjá tó 48, ó lè rin 100 mítà láìrẹ̀ ẹ́.

Kámẹ́rà wá kàn báyìí. Àṣìṣe wa kan náà ni pé a máa ń gbé e sókè pátápátá lábẹ́ òrùlé kó lè rí gbogbo nǹkan. Ohun tó máa ń rí níbẹ̀ ni orí fìlà. Kámẹ́rà tó wọ́pọ̀ lọ́jà ní ojú tó fẹ̀, àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó ń para pọ̀ di àwòrán rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, sì jẹ́ 1,920 láti etí kan dé èkejì. Ní mítà mẹ́wàá, ohun tó ń wò ti fẹ̀ tó mítà 24, àmì 80 ló kù fún mítà kan. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ka 250 fún mítà kan sí ohun tó tó láti dá ojú ẹni tí a kò mọ̀ rí mọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé kọjá mítà mẹ́ta, ènìyàn lẹ ó máa rí, ẹ kò ní rí ojú rẹ̀. Nítorí náà, kámẹ́rà kan gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà gan-an, ní gíga mítà méjì àbọ̀, níbi tí ẹni tó bá ń bọ̀ kò ní lè ṣàì dojú kọ ọ́. Àwọn yòókù lè máa wo àgbàlá lápapọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá kàn án, ẹ ní kí ọmọ yín kan dé fìlà, kó rìn wọlé láti géètì. Bí ẹ̀yin òbí rẹ̀ ò bá dá a mọ̀ lójú àwòrán, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tún un kàn.

Alántakùn fẹ́ràn kámẹ́rà òru. Kòkòrò máa ń fò yí i ká, kòkòrò ń fa alántakùn, òwú rẹ̀ á sì máa mì lójú dígí títí ilẹ̀ á fi mọ́, fóònù yín á máa sọ fún yín pé ẹnìkan wà níta. Lásìkò ọyẹ́, eruku ni tiẹ̀. Aṣọ rírọ̀ tó mọ́ àti omi díẹ̀ ló ń tọ́jú méjèèjì.

DVR kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Ibẹ̀ ni olè kọ́kọ́ ń wò, ó sì ń gbé e lọ tàwòrán-tàwòrán. Ẹ gbé e síbi tó fara sin, tí atẹ́gùn sì wà, kí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà sì ní káàdì tirẹ̀ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú. Bí àwòrán kámẹ́rà kan bá ń gba mẹ́gábíìtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá, 43 GB ló ń jẹ lójúmọ́. Mẹ́rin á jẹ 173. Díìsìkì 1 TB, ìyẹn 1,000 GB, kò ní tó ọjọ́ mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó ti pẹ́ rẹ́. Ẹni tó bá ń lọ sí abúlé fún ọ̀sẹ̀ méjì ní láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo aago tó wà nínú rẹ̀. Bátìrì kékeré bí owó ẹyọ ló ń mú un rántí ọjọ́, bí ìyẹn bá kú, àwòrán á máa sọ pé ọdún 2000 la wà. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba àwòrán inú ẹ̀rọ láyè nílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó ní a gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Aago tó ń purọ́ á fún agbẹjọ́rò olè lọ́rọ̀ sọ.

Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé tó bá kámẹ́rà wá láti ilé-iṣẹ́ padà lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u nínú páálí. Ní 2016, ètò aṣebi kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń kiri íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń dán nǹkan bí ọgọ́ta orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tí gbogbo ayé ti mọ̀ wò lára kámẹ́rà àti DVR. Ó rí ẹgbàágbèje wọlé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tó ń tọ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà sọ́nà dé ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí a bá tẹ orúkọ rẹ̀, Twitter àti Netflix kò sì ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn fún wákàtí púpọ̀. Àwọn tó ni kámẹ́rà wọ̀nyẹn kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó lè wọ inú kámẹ́rà yín láti fi kọlu ẹlòmíràn lè jókòó síbẹ̀ kó máa wo ìgbà tí ẹ̀ ń jáde.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni mo fẹ́ fi ìtara sọ. Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà, 2023 yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ nìkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn kì í ṣe ìdílé yín. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbé ní ìlú Ọba, ẹ sọ fún wọn pé ní 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Oxford dá ẹni tó gbé kámẹ́rà sára ilé rẹ̀ lẹ́bi, nítorí pé ó ń gba àwòrán àti ohùn aládùúgbò rẹ̀, adájọ́ sì ní ti ohùn ló burú jù. Níhìn-ín, obìnrin ń wẹ ọmọ lẹ́yìnkùlé, àgbà ọkùnrin ń fi omi garawa wẹ̀ lójúde nígbà tí iná ò sí. Ẹ yí ojú kámẹ́rà kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ DVR ní ibi tí a ti lè fi dúdú bo apá kan àwòrán, ẹ lò ó, kí ẹ sì pe aládùúgbò wá kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ sọ fún ayálégbé àti ọmọ ọ̀dọ̀ ibi tí kámẹ́rà wà. Kí ó má sí nínú yàrá ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò tí a ti bà nínú jẹ́ kò ní jáde bí fèrè wa bá ké.

Nígbà tí mo parí, Màmá kan tó ń gbé òpin òpópónà kejì nawọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi nìkan ni mo ń gbé. Etí mi ò gbọ́ dáadáa mọ́. Bí fèrè yín bá ké nílé mi lóru, ta ni yóò gbọ́?" Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Mo ní, "Màmá, ilé yín kọ́ ló yẹ kí ó ti ké." Mo ṣàlàyé pé a lè so òòfà mọ́ ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn wọn, ká fa wáyà bàbà tòótọ́ gba orí fẹ́ńsì nínú páìpù, ká gbé fèrè kọ́ ògiri yàrá ẹni tó múlé tì wọ́n, ká sì fún wọn ní bọ́tìnì kan lẹ́bàá ibùsùn tí wọ́n lè tẹ̀ bí ara wọn ò bá yá pàápàá. Aládùúgbò wọn wà níjókòó, ó dìde, ó ní ògiri òun wà nílẹ̀. Olórí ọdẹ àdúgbò ní kí a fi nọ́ńbà òun ṣe àkọ́kọ́ nínú síìmù. Alága ní ẹgbẹ́ á ra bátìrì.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ilé Màmá la ó ti pàdé. Wáyà àti òòfà wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ní dírìlì àti àkàbà tó ga tó mítà mẹ́ta, kó jọ̀wọ́ mú un dání.